Àárò Ilé Tí A Kò Gbé Rí

Ní ọdún 1998, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan wà ní Ìbàdàn tí èmi àti àwọn mẹ́fà mìíràn ti ń pín ẹ̀rọ méjì lò. Lọ́jọ́ tí iná bá dúró, tí olùkọ́ wa bá sì bọ́ síta lọ jẹ ẹ̀wà, a ó yára ti síídì Windows 95 bọnú kọ̀ǹpútà, a ó tú u títí a ó fi kan fídíò orin kan tí wọ́n tọ́jú sí kọ̀rọ̀ kan lórí rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ni, wọ́n múra bí ọmọ ilé ìwé, wọ́n ń ta gìtá nínú ilé oúnjẹ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó níwájú wọn, yẹ̀rì àwọn obìnrin ń fẹ̀ bí agboòrùn. Àwọ̀ àwòrán náà ti ṣá díẹ̀. Èmi ti gbà lọ́kàn ara mi pé orin ayé àwọn bàbá wa nìyẹn, pé àwọn tó kọ ọ́ á ti darúgbó kùjọ́kùjọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó mọ̀ pé kòtò tí wọ́n dìídì gbẹ́ ni mo jìn sí. "Buddy Holly" ni orin náà ń jẹ́, ẹgbẹ́ Weezer ló kọ ọ́, ọdún 1994 sì ni àwo rẹ̀ jáde. Spike Jonze tó ya fídíò náà ló tún ilé oúnjẹ Arnold's kọ́, èyí tó wà nínú Happy Days, eré tẹlifíṣọ̀n kan tó gbòde ní Amẹ́ríkà láti 1974 sí 1984. Ó wá gé àwòrán láti inú eré náà gan-an lẹ̀ mọ́ tirẹ̀, débi pé ńṣe ló dà bíi pé àwọn òṣèré ìgbà yẹn ń jó sí orin Weezer. Bẹ́ẹ̀, Happy Days fúnra rẹ̀, ayé àwọn ọdún 1950 ló ń sọ. Ọmọ Ìbàdàn kan ní 1998 wá ń ṣàárò ohun tí àwọn ará 1994 fi ń ṣàárò 1974, tí àwọn ará 1974 náà fi ń ṣàárò 1955. Àárò gun àárò lẹ́yìn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo bá wọn gbé.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń bá yí láti oṣù mélòó kan, tí mo fi ń tún àwọn fíìmù kan wò títí ó fi sú àwọn ará ilé mi. Kí ló wà nínú àwọn fíìmù aláràǹbarà tó dá lórí olórin, àti nínú orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní alternative, tó fi ń dùn mọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́? Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ohun tí a gbọ́ nígbà tí a ń bàlágà sí ìgbà tí a lé ní ogún ọdún ló máa ń lẹ̀ mọ́ wa jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ìdí tí èèyàn fi ń ṣàárò ilé tí kò gbé rí. Èrò tèmi ni pé fíìmù tó bá ń fi olórin rẹ́rìn-ín ló sábà máa ń mọ olórin. Èyí tó bá ń kì í bí ẹni ń kì ọba, ó ti ṣì í mọ̀.

Ẹ wo Bohemian Rhapsody, tó jáde ní 2018 tó sì gba Oscar mẹ́rin. Nínú rẹ̀, Freddie Mercury sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti kó àrùn éèdì kí wọ́n tó gun orí ìtàgé Live Aid ní 1985. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ ni pé ó tó nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà kó tó gbọ́ èsì àyẹ̀wò. Ìdí tí wọ́n fi tì í síwájú kò ṣòro rí: wọ́n fẹ́ kí omijé ṣáájú àtẹ́wọ́. Fíìmù tó pe ara rẹ̀ ní ìtàn gidi ló ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ èyí tó ti jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun. This Is Spinal Tap jáde ní 1984, Rob Reiner ló darí rẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri Amẹ́ríkà nígbà tí oòrùn wọn ti ń wọ̀. Òṣèré ni àwọn mẹ́ta tó ṣe olórí ẹgbẹ́ náà, Christopher Guest, Michael McKean àti Harry Shearer, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gìtá ta dáadáa, àwọn fúnra wọn ló kọ orin inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń hun lórí ìdúró. Ti bọ́tìnì ohùn tó dé 11 dípò 10 ni gbogbo ayé mọ̀. BBC tilẹ̀ gbé ohùn iPlayer tiwọn dé 11 láti fi bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ náà.

Èmi, ti òkúta Stonehenge ni mo fẹ́ràn jù. Nigel onígìtá fẹ́ kí ère òkúta ràgàjì kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè nígbà tí wọ́n bá ń kọrin. Ó yàwòrán rẹ̀ sórí pépà tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ nílé oúnjẹ, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 18 ló wà lọ́kàn rẹ̀, àmì íǹṣì ló fi sí i. Ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún kò ṣe ju ohun tó wà lórí pépà. Lálẹ́ ọjọ́ eré, iná rọlẹ̀, èéfín ń rú, gìtá ń kù bí àrá, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ga dé orúnkún èèyàn. Àwọn aràrá méjì tí wọ́n háyà wá pé kí wọ́n máa jó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wá ga jù ú lọ fíìfíì. Ojú àwọn akọrin náà ni kí ẹ wò nígbà yẹn. Wọn ò lè dáwọ́ dúró, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ parí. Ẹni tó bá ti wà lóde àríyá rí, tí gbohùngbohùn kú mọ́ olórin lẹ́nu bó ṣe fẹ́ẹ́ ki olówó, mọ ojú yẹn dáadáa.

Ọ̀pọ̀ olórin gidi ló ti sọ pé àwọn ò lè rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn kọ́kọ́ wò ó, torí pé ó jọ ilé àwọn jù. Ní 2002, wọ́n kó o mọ́ àwọn fíìmù tí Ilé Ìkàwé Ìjọba Amẹ́ríkà ń tọ́jú fún àrọ́mọdọ́mọ. Apá kejì rẹ̀ dé ní 2025. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìkíni ni, bí ìgbà tí èèyàn pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́ nílé ìgbéyàwó.

Irú rọ́ọ̀kì bàǹtà-banta tí Spinal Tap fi ṣẹ̀sín yìí náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan kọ̀ lásìkò kan náà. Rédíò àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà ló ń gbé orin tiwọn: R.E.M. láti Athens ní Georgia, Pixies láti Boston, àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí kò ní bàtà gíga, tí kò ní èéfín. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni mo máa ń pe alternative lọ́kàn mi, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà tó bá a ni pé ọ̀nà ẹ̀bùrú di títì márosẹ̀ lójijì. Nevermind ti Nirvana jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1991, nígbà tó sì di January 1992, ó ti ti Dangerous ti Michael Jackson kúrò ní ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ Billboard. Ẹni tó kọ̀ láti bá ọ̀pọ̀ èèyàn rìn wá bojú wẹ̀yìn, ó rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tẹ̀ lé e.

Cameron Crowe bá àsìkò yẹn pàdé láìmọ̀. Ó ti ya Singles ní Seattle ní 1991 kí ariwo tó ta, àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù gbé e sílẹ̀, ìgbà tí orin ìlú náà gbayé kan ni wọ́n rántí rẹ̀. Àwo orin inú rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà 1992, fíìmù fúnra rẹ̀ ò dé títí di oṣù Kẹsàn-án. Ìtàn ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣàn bí omi ọbẹ̀ tí kò ní ata. Ṣùgbọ́n wo àwọn tó jókòó lẹ́yìn: Eddie Vedder àti àwọn méjì mìíràn láti inú Pearl Jam ló ń ṣe ọmọ ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ olórin tí kò já mọ́ nǹkan kan, lábẹ́ òṣèré kan tí kò mọ orin kọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ta ló tún jẹ́ fi wọ́n ṣe ìyẹn?

Empire Records ti 1995 nìyẹn náà, ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwo orin. Ní sinimá, ó kú fin-ín-fin-ín. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n ń háyà ló jí i dìde, débi tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin lọ́dọọdún ní ìrántí olórin àgbàyà kan tó wà nínú rẹ̀. Fíìmù náà ò fi bẹ́ẹ̀ dáa. Mo ti wò ó nígbà márùn-ún.

High Fidelity ló mọ ṣọ́ọ̀bù orin jù. London ni Nick Hornby fi ìwé rẹ̀ sí ní 1995, Stephen Frears gbé ìtàn náà lọ sí Chicago ní 2000, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, torí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà níbi gbogbo. Bàbá kan wọlé, ó fẹ́ ra orin Stevie Wonder kan fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Barry tó ń tajà, tí Jack Black ṣe, lé e jáde: orin náà kò dára tó lójú tirẹ̀. Nígbà tó yá, Rob tó ni ṣọ́ọ̀bù rọra sọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kejì pé òun máa ta àwo Beta Band márùn-ún báyìí. Ó fi orin náà sí i, ó kawọ́, ó ń wo àwọn oníbàárà. Orí kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹnì kan bèèrè pé ta ló kọ èyí.

Mo mọ Barry. Mọ́kọ́lá ló wà nígbà tèmi. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ni wàá mú lọ, wàá to orúkọ orin tó o fẹ́ sórí pépà, ọjọ́ kejì ni wàá padà wá gbà á. Bọ̀ọ̀dá yìí á yẹ pépà náà wò, á mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo to Àyìnlá Ọmọwúrà tẹ̀ lé Michael Bolton. Ó dá pépà padà fún mi. "Àbúrò, lọ tún un rò." Mo lọ tún un rò lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín lásán ò tó. Frank, tí Lenny Abrahamson darí ní 2014, ni mo fi mọ ìyàtọ̀ láàárín fíìmù tó ń fini ṣẹ̀sín àti fíìmù tó ń fẹ́ni. Michael Fassbender, ẹni tí ojú rẹ̀ ń ta fíìmù, gbé orí ràgàtà kan tí wọ́n fi pépà àti lẹ́ẹ̀ mọ wọ̀, kò sì ṣí i títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ń sùn nínú rẹ̀, ó ń fi ọ̀rá bò ó wẹ̀. Ẹni gidi kan ló bí èrò náà: Chris Sievey láti agbègbè Manchester ló dá orí kan bẹ́ẹ̀ tó ń jẹ́ Frank Sidebottom sílẹ̀, tó sì fi ń dá àwọn èèyàn lára yá kó tó kú ní 2010. Jon Ronson, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìtàn fíìmù náà, ti tẹ dùùrù fún un rí.

Ọmọ Yorùbá tó bá ń wò ó, ọ̀rọ̀ eégún ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. A kì í béèrè pé ta ló wà lábẹ́ agọ̀. Jon, ọmọkùnrin atẹdùùrù tó wọ ẹgbẹ́ Frank, kò gba irú ẹ̀kọ́ ilé bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n lókìkí, ó ń fi fídíò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní bòókẹ́lẹ́, ó fa gbogbo wọn lọ sí àjọ̀dún orin ńlá kan ní Texas. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dàrú, tí orí náà sì fọ́ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí Jon tọpa Frank dé ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Kansas, ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìyà wo ló jẹ ẹ́ ní kékeré tó fi gbọ́n tó báyìí nínú orin. Èsì wọn rọ̀ ú léegun: ìyà kankan ò jẹ ẹ́. Àìsàn ọpọlọ ló wà lára rẹ̀. Orin ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àìsàn kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Gbólóhùn yẹn nìkan ṣe ju gbogbo fíìmù tó ń sọ pé olórin gbọ́dọ̀ ya wèrè kó tó dára.

Tí a bá ń sọ ti àràǹbarà, a ò gbọ́dọ̀ fo David Byrne. Òun ló ṣáájú Talking Heads, ẹgbẹ́ tí orin Fẹlá hàn gbangba nínú àwo wọn Remain in Light ti 1980. Ní 1986, ó darí True Stories, nípa ìlú kékeré kan ní Texas tí òun fúnra rẹ̀ fọkàn dá, tó sì ń wakọ̀ kiri ibẹ̀ pẹ̀lú fìlà àwọn darandaran Amẹ́ríkà lórí. Louis, tí John Goodman ṣe, ń wá ìyàwó lójú méjèèjì, ó tilẹ̀ gbé pátákó rẹ̀ síwájú ilé. Nígbà tí kò rí, ó lọ bá Pops Staples, àgbà olórin nì, pé kó bá òun ṣe nǹkan sí i. Mo jókòó gẹlẹtẹ tí mo ń wò ó lọ. Àfi bí bàbá yìí ṣe ṣí ojúbọ, tó ń pe Papa Legba. Mo dìde. Legba tí àwọn Fọn ń bọ ní Bẹ̀nẹ̀, tó bá àwọn ẹrú rékọjá òkun dé Haiti, tí àwa ń pè ní Ẹlẹ́gbára, òun náà ni wọ́n ń bẹ̀ nínú fíìmù àwọn aláwọ̀ funfun yìí pé kó fún Louis níyàwó! Byrne kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló gbé kámẹ́rà lọ sí Bahia ní Brazil, tó ya fíìmù nípa àwọn olóòṣà Candomblé, tó sọ ọ́ ní Ilé Aiyé.

Lórí àwo tí Talking Heads fi kọ àwọn orin True Stories, orin kan tún wà tó ń jẹ́ "Radio Head". Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọkùnrin márùn-ún kan láti ìtòsí Oxford ń wá orúkọ tuntun fún ẹgbẹ́ wọn. Èyí ni wọ́n mú. Mi ò sọ pé Èṣù ló dúró ní oríta yẹn o. Mo kàn sọ pé àwo kan náà ni.

Àwọn kan wà tí mo kàn fẹ́ dárúkọ kí n tó kọjá. Leningrad Cowboys Go America ti Aki Kaurismäki, 1989: irun ṣónṣó, bàtà ṣónṣó, onígìtá kan tó ti gan sínú yìnyín tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ sórí mọ́tò. Linda Linda Linda ti Japan, 2005, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé tí ọjọ́ mélòó kan péré kù fún láti kọ́ orin. James Iha ti Smashing Pumpkins ló ṣe orin abẹ́nú rẹ̀. Once, tí wọ́n ya láàárín ọjọ́ 17 ní Dublin. Bí ẹnì kan bá sì ń wá ìtàn tí yóò fi ṣe fíìmù tirẹ̀, kó lọ wo ti Ofege, àwọn ọmọ St. Gregory's College ní Èkó tí wọ́n ṣe àwo rọ́ọ̀kì Try and Love ní 1973.

Èyí tó sún mọ́ wa jù, Agadez ni wọ́n ti yà á. Ní 2015, Christopher Kirkley fi Mdou Moctar, onígìtá Tuareg ará Niger, ṣe fíìmù kan tó jẹ́ ìkíni sí Purple Rain ti Prince. Èdè wọn ò ní orúkọ fún àwọ̀ yẹn, nítorí náà àkọlé fíìmù náà túmọ̀ sí òjò aláwọ̀ búlúù tí pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀. (Àwa ní èsè àlùkò, a ò bá ti fi gbólóhùn kan parí rẹ̀.) Mdou gun alùpùpù kiri inú eruku, ó ń bá onígìtá mìíràn díje, bàbá rẹ̀ sì sọ iná sí gìtá rẹ̀. Orin ń lọ láti fóònù dé fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rẹ̀ gan-an ṣe rí: Sókótó níhìn-ín ló wá ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2008, orí káàdì fóònù ni orin náà sì gùn tó fi la aṣálẹ̀ kọjá. Nígbà tó di 2021, Matador ní New York ló gbé Afrique Victime rẹ̀ jáde.

Matador yìí kan náà ló gbé àwo àkọ́kọ́ Pavement jáde ní 1992. Pavement ni ọmọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí kò dé títì márosẹ̀ rí. Wọ́n kọrin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ní 1995 àwọn òǹwòran kan ń sọ ẹrẹ̀ lù wọ́n lórí ìtàgé, wọ́n sì tú ká ní 1999. Ní 2024, Alex Ross Perry ṣe fíìmù Pavements nípa wọn, kò sì sí irú rẹ̀. Ó ya ìtàn gidi wọn. Ó tún ya fíìmù irọ́ kan nínú rẹ̀, irú Bohemian Rhapsody, tí òṣèré ń kọ́ bí olórin wọn ṣe ń fi ahọ́n pe ọ̀rọ̀. Ó fi orin wọn ṣe eré orí ìtàgé tí àwọn èèyàn gidi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ wò. Ó ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn, ojúlówó àti ayédèrú wà pọ̀ nínú rẹ̀, aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà dúró níwájú gíláàsì, wọ́n ń wo ẹrẹ̀.

Orin wọn tí wọ́n ń gbọ́ jù lórí Spotify kì í ṣe èyí tí wọ́n pariwo rẹ̀ nígbà náà. "Harness Your Hopes" ni, orin tí wọ́n yọ kúrò nínú àwo ńlá, tí wọ́n wá sọ sí ẹ̀yìn àwo kékeré kan ní 1999. Ẹ̀rọ ló ń dá a gbé sí etí àwọn èèyàn. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nínú ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́, fóònù wà nínú ife kí ohùn rẹ̀ lè ròkè. Mo béèrè ta ló kọ ọ́.

"Àwọn tuntun kan ni, Dádì."

Mo ní 1999 ni. Ó yíjú, ó wò mí bóyá mò ń ṣeré.

"Ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ ọ nígbà yẹn?"

Ní 1999, Pasuma àti Remedies ni mo ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Mo ní kó tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀.